Ilé Iná-Ò-Kú

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Ní àdúgbò, Iná-Ò-Kú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún ara rẹ̀ lórúkọ náà. Àwọn mìíràn a máa dúró kí ayé fún wọn ní oríkì. Òun ti rí i pé ayé ń falẹ̀.

Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ó sì tà á débi tó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ìkóríta, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kọjá láìrí i. Nígbà tó ń kọ́ ọ, wáyà tí wọ́n sin sínú ògiri jẹ́ ti gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì àti rédíò kan, torí gbogbo ohun tó ní nígbà yẹn nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni owó wá mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Fìríìsà méjì dé, ọ̀kan fún ẹran, èkejì fún omi tí àlejò máa mu tí á fi rí nǹkan sọ délé. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìfọṣọ náà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ kó mọ́, ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi di gbígbóná dé, tẹlifíṣọ̀n kan sì dé tó fẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó nítòsí rẹ̀, imú oníròyìn nìkan ló máa rí wò.

Ohun kan ṣoṣo ni kò pààrọ̀: wáyà inú ògiri. Ta ló ń rí wáyà? Àlejò wo ló máa wọlé tó máa ní, “Háà, wáyà yín mà dára o”?

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń ṣe iṣẹ́ iná. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe mọ ọ̀rọ̀ lọ. Síbẹ̀, ó gbìyànjú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọ̀nà ọ̀fun ni wáyà rí. Èyí tó wà nínú ògiri yìí, ọ̀fun ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ wá ń fi eegun ẹran bọ́ ọ.”

“Ọmọ ọwọ́ kì í dàgbà ni?”

“Wáyà kì í dàgbà, Ẹ̀gbọ́n mi. Gbígbóná ló máa ń gbóná. Ìdí tí wọ́n fi ṣe fíúsì ní tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Bí ohun tí ilé ń fà bá ti ju agbára wáyà lọ, fíúsì á já, iná á kú, wáyà á sì tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kú, kí ilé má bàa jó.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ ikú! Òṣìṣẹ́ tó ń kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, o ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, mi ò bá ti lé e.”

Lọ́jọ́ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, fíúsì já lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, àna rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn, ó ní, “Kò burú, ọkọ ọmọ mi. Àtùpà làwa náà fi bẹ̀rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó wọ onísìmẹ́ńtì lára bí ẹ̀gún. Ó fa àbúrò rẹ̀ lápá wọ inú yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí mítà àti fíúsì wà.

“Fi ohun tí kò ní já síbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí kò bá já níbí, ibòmíràn ló máa já.”

“Ta ló pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí gìrì mú ọ?”

Ọ̀rọ̀ fíúsì kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni. Ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti fi ẹ̀yìn pọ̀n rí kì í kọ iṣẹ́ tó bá rán an. Oníṣẹ́ iná gé wáyà bàbà kan tó nípọn, ó ká a po ní méjì, ó sì dè é sí àyè fíúsì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ti òní nìkan ni. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, òun á wá yọ ọ́.

Àárọ̀ ọ̀la dé, ó bá àgádágodo kan tó tóbi bí ìkúùkù lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Ó ti sọ fún àna rẹ̀ kó tó lọ pé, “Nílé tèmi, iná ò kú,” àna rẹ̀ sì ti pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, oníṣẹ́ iná kì í lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìfi wáyà fíúsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó fi bébà wé, sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń lọ káàkiri ilé onílé, ó ń sọ pé, “Ẹ má so ẹ̀rọ mẹ́ta mọ́ ojú kan,” wọ́n sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ilé kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń sùn.

Yàrá Ìyá wà lókè, lórí yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn gan-an. Inú ògiri rẹ̀ ni wáyà gbà gòkè lọ sí gbogbo ilé. Orúnkún Ìyá ò jẹ́ kó lè dá àtẹ̀gùn sọ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì jẹ́ kó sùn. Ìgbà tó ṣe, ó gbé àga rẹ̀ ti ògiri náà, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

“Fọwọ́ kàn án,” ló wí fún oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ kan. “Ṣó o rí i? Ooru. Tí mo bá ti fẹ̀yìn tì í báyìí, ńṣe ni ìrora á máa yọ́ bí òrí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣe é fún mi.”

Oníṣẹ́ iná fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí àyà ọmọ tí ibà mú. Ọ̀dà ara ògiri ti pọ́n ní ìlà gbọọrọ kan láti ilẹ̀ dé òkè, òórùn ike tó fẹ́ yọ́ sì wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ìyá, kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Wáyà ló ń jìyà nínú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ibùsùn yín sọ̀ kalẹ̀.”

“O ti tún bẹ̀rẹ̀.”

“Ìyá, ẹ gbọ́ ná...”

“Láti kékeré ni. Nígbà tó ra bàtà, o sunkún. Ó ra ooru fún ìyá rẹ̀ báyìí, o tún ń sunkún. Ojú rẹ ò ní í gbẹ ni?”

Iná-Ò-Kú wọlé bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà. Kò gbọ́ nípa ògiri gbígbóná rí láyé rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú yẹn. Ó fọwọ́ kàn án, ó mi orí bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ó ní, “Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, Ìyá. Ó ṣì máa gbóná ju báyìí lọ.”

Ìyá súre fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo oníbàárà tó wá ra sìmẹ́ńtì ló ti gbọ́ nípa ògiri tó ń móoru tí ọmọ rere ṣe fún ìyá rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àwọn ará àdúgbò fẹ́ yan alága wọn, Iná-Ò-Kú sì ti ní kí wọ́n wá yàn án ní pálọ̀ òun. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ní súìsì nínú ilé náà tí kò tàn. Oòrùn ń ràn lóde, gílóòbù ń tàn nínú ilé. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí láìsí aṣọ kankan nínú rẹ̀. Iná-Ò-Kú ti wọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò tuntun, ó ń rìn láàárín àwọn àlejò bí ẹni tó ń ka dúkìá.

Wọn ò tíì jókòó tán tí iná fi lọ ní gbogbo àdúgbò. Fáànù yí, ó yí, ó dúró.

Aránṣọ, obìnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin Iná-Ò-Kú, ta ló wá kú báyìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Iná-Ò-Kú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló fi rín in. “Tìjọba ló kú. Tèmi ń sinmi ni.”

Oníṣẹ́ iná dìde níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sún mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí iná lára wáyà báyìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, màá ti pààrọ̀ rẹ̀.”

“Tí wọ́n bá mú un dé ńkọ́?”

“Ó lè já, àá wá pa ẹ̀rọ díẹ̀...”

“Kó já? Lójú àwọn wọ̀nyí?”

“Ẹ jẹ́ kí n pa àwọn ẹ̀rọ ná nígbà náà. Tí iná bá dé tí gbogbo wọn bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri Ìyá ò ní gbà á. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé mi.” Ó wá gbóhùn sókè, kí pálọ̀ lè bá a pín nínú rẹ̀. “Ẹ bá mi wo àbúrò mi o! Oníṣẹ́ iná ni, iná ló sì ń bà á lẹ́rù!”

“Apẹja tó ń sá fómi!” akọ̀wé wí.

“Aránṣọ tí abẹ́rẹ́ ń gún!” aránṣọ náà dá tirẹ̀ sí i.

“Lọ bá wa ra omi tútù wá,” Iná-Ò-Kú wí fún un. “Èyí tó wà nínú fìríìsà ti dì bí òkúta. Àlejò ò lè máa jẹ òkúta.”

Oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ gun òkè lọ. Ìyá jókòó ti ògiri rẹ̀, ó fajú ro.

“Ìyá, ẹ gun ẹ̀yìn mi, kí n gbé yín sọ̀ kalẹ̀.”

“Kí n lọ ṣe kí ni láàárín àlejò pẹ̀lú aṣọ ilé? Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ògiri mi ti ń tutù. Kó bá mi wò ó.”

“Tí mo bá ra omi dé, màá gbé yín. Ẹ ò ní bá mi jà.”

“Máa lọ. O ò ṣá ní gbọ́.”

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú yàrá kékeré náà. Òòlù wà nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, àpò iṣẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ tó ìgbà téèyàn lè ka ení dé ẹẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àlejò, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ ra omi.

Omi ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ò tutù, torí iná ò sí. Ti èkejì náà ò tutù. Ó sọdá títì ńlá. Níbẹ̀, ọlọ́jà ti ń to ìgò sínú agbọ̀n rẹ̀ nígbà tí gílóòbù orí wọn ṣẹ́jú, tó sì tàn. Gbogbo òpópónà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: “Iná dé o!” Ọlọ́jà náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó máa yíjú padà, oníbàárà rẹ̀ ti fi omi sílẹ̀, ó ti ń sáré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kó tó dé, aránṣọ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà, kò sì fi rẹ́rìn-ín. Ó ní bí iná ṣe dé ni gbogbo ẹ̀rọ ilé náà dìde pọ̀, tí Iná-Ò-Kú la apá méjèèjì láàárín pálọ̀ bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tan oòrùn. Wọ́n dìbò lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a du ipò náà. Bí wọ́n ṣe ń kí alága tuntun lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá láti òkè:

“Iná! Iná dé o!”

Iná-Ò-Kú gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. “Ẹ gbọ́ ìyá mi.”

“Iná dé síbí o! Ẹ gbà mí!”

“A ti rí i o, Màmá!” aránṣọ dá a lóhùn. “Ẹ kú oríire! Ìyá alága ni yín báyìí!”

“Iná o!”

“Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá,” akọ̀wé wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, fún ohun tó ń tàn nínú gílóòbù àti ohun tó ń jẹ òrùlé. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ táwọn ọmọ wọn á gbọ́ èkejì, tí wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún àkọ́kọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni oníṣẹ́ iná wà tó fi gbọ́ ọ. Ìyá kì í pe iná lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí iná ti ń lọ tó sì ń bọ̀ láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń ní “Iná dé,” á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ iná gba àárín wọn kọjá, ó gun òkè. Ògiri náà ti là láti ilẹ̀ dé àjà, iná ń yọ níbẹ̀ bí ahọ́n, aṣọ fèrèsé ti gbà á, àjà ti gbà á. Láàárín òun àti àga Ìyá, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà.

Ẹnì kan sáré gbé omi wá. Oníṣẹ́ iná ké, “Ẹ má da omi sí i! Iná ṣì ń bẹ lára wáyà!” Ṣùgbọ́n ó ti dà á. Ohun kan gbé onítọ̀hún jù sẹ́yìn, ó sì ṣubú sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún sún mọ́ ọn.

“Kọ́kọ́rọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́!”

Iná-Ò-Kú ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Ó tún padà sí àpò ẹ̀wù. Aṣọ tuntun ni. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ṣòkòtò àárọ̀, ṣòkòtò àárọ̀ sì wà lókè.

Ìgbà yẹn ni òòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rò pé ó máa gbà nígbà tó dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àgádágodo gidi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà, ẹni tí kì í ra ohun yẹpẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló lù ú. Ó ń gbọ́ ohùn Ìyá títí dé ìkeje. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó fi ẹ̀mú gbá wáyà bàbà náà mú, ó sì fà á tu.

Gílóòbù kú. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró. Lẹ́yìn ọdún méjì, iná kú nílé Iná-Ò-Kú. Èyí tó wà lókè ni kò kú.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Ìyá, Iná-Ò-Kú jókòó sábẹ́ ìbòòji níwájú ilé tí kò ní òrùlé mọ́, ó ń gba àwọn tó wá kẹ́dùn. Alága ni, wọ́n sì pọ̀. Ohun kan náà ló ń wí fún gbogbo wọn: “Iná tí wọ́n mú dé lọ́jọ́ yẹn ló pọ̀ jù.” Wọ́n ń mi orí. Akọ̀wé ní òun náà ṣàkíyèsí rẹ̀, pé ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oníṣẹ́ iná dúró títí àlejò fi tán. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo fi wáyà bàbà yẹn síbẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ọwọ́ mi ló pa Ìyá.”

Iná-Ò-Kú wò ó. Ojú rẹ̀ wú, kò sì sí àní-àní pé ó ti sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń gbé e lé èjìká oníbàárà tó bá ń sunkún ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì.

“Mo ti dárí jì ọ́,” ló wí. “Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Oníṣẹ́ iná dìde kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Bóyá Iná-Ò-Kú sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ni o, bóyá kò sọ ọ́ ni o, kí oṣù tó parí, gbogbo àdúgbò ti mọ oníṣẹ́ iná tó so wáyà pa ìyá rẹ̀. Wọn ò bá a jà. Wọ́n kàn ṣíwọ́ pípè é síṣẹ́ ni.

Ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí fíúsì ibẹ̀ já. Áyọ́ọ̀nù méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà lójú kan ṣoṣo; ó lè ka òkùn wọn láti ojú títì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ nínú bébà rẹ̀. Aránṣọ gbójú sókè, ó rí i, ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó wá yí padà sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ bá mi wá ìṣó kan, èyí tó nípọn. A ò ráyè fíúsì tó ń já.”

Wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n sì kì í bọ àyè fíúsì. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀rọ gbéra, àwọn ọmọbìnrin náà sì pariwo ayọ̀: “Iná dé!”

Oníṣẹ́ iná dúró lójú títì, ó dẹ etí sílẹ̀, bóyá wọ́n á tún pe iná lẹ́ẹ̀kejì.